Gbòǹgbò Asofẹ́yẹjẹ àti Ehoro Carlsson

Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣòro mọ̀ nínú igbó Ìwó. Ewé rẹ̀ kì í dá yọ: mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń yí ojú kan ká lára ẹ̀ka. Bí a bá já a, oje funfun á sun jáde. Èso rẹ̀ kéré, ó pupa. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni ẹni tó lọ bá eléwé ọmọ ní ọjà Odò-Orí ń wá, èèpo rẹ̀ sì korò gan-an.

Gbòǹgbò yìí ni àwọn oníṣègùn Yorùbá fi ń tọ́jú wèrè tipẹ́tipẹ́. Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n gbé ẹni tó ń jà, tí kò sùn, dé. Oníṣègùn á fún un mu, á jókòó tì í, á máa wo bí ìpéǹpéjú ṣe ń wúwo, bí apá ṣe ń dẹ̀. Bí oògùn náà bá kéré, kò ní ràn án. Bó bá pọ̀ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a sè mu o.) Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa ìtọ́jú yìí fún àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ní 1960.

Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú gbòǹgbò náà. Ó ń dí ẹnu àwọn àpò tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń kó serotonin àti dopamine, èròjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, pamọ́ sí. Irú àpò kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, nítorí náà méjèèjì ló ń ṣòfò pọ̀.

Níbi ọ̀rọ̀ yìí ni Arvid Carlsson, onímọ̀ nípa oògùn, ti fi ọwọ́ ọ̀jáfáfá hàn, ní Lund, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ní 1957. Ehoro tó gba reserpine á nà sílẹ̀ gbalaja, etí méjèèjì á wó, kò ní lè mira. Láti 1955 ni ilé ìwádìí Bernard Brodie ní Amẹ́ríkà ti rí i pé serotonin ń tán nínú irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbà pé òun ló fà á. Carlsson kò jiyàn. Ó ní kí òun dá ohun tó lọ padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fún ehoro ní èròjà tí ara fi ń ṣe serotonin: ehoro ò dìde. Ó fún un ní dopa, tí ara fi ń ṣe dopamine. Láàárín ìṣẹ́jú 15, etí ti nà ró, ehoro ti ń rìn. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2000. Fásitì Bowen n'Ìwó ń kọ́ni ní ìṣègùn. Ó wù mí kí olùkọ́ kan níbẹ̀ gbé gbòǹgbò yìí sórí tábìlì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ehoro yẹn.

Serotonin kò tíì jáde nínú ọ̀rọ̀ ìrìn ṣá o. Láti ìdí ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń na okùn lọ síbi tí dopamine ti ń darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Níbòmíì wọ́n ń dá a dúró, níbòmíì wọ́n ń tì í lẹ́yìn. Nínú àrùn Parkinson, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ara le gan-an, sẹ́ẹ̀lì dopamine ló ń kú. Dopa, tí Carlsson fún ehoro, ni wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn. Sẹ́ẹ̀lì serotonin tó ṣẹ́ kù á gba dopa náà, á sọ ọ́ di dopamine, á sì máa tú u jáde bí ẹni tó ń ta gàrí láìní kọ́ńgò, nítorí kò ní ohun tí sẹ́ẹ̀lì dopamine fi ń mọ̀ pé ó tó. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, apá àti ọrùn aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, láìjẹ́ pé ó fẹ́ ẹ.

Ní 2007, ní Lund kan náà, àwọn onímọ̀ mú sẹ́ẹ̀lì serotonin kúrò lọ́pọlọ àwọn eku tí dopa ti sọ di alára lílọ́. Wọ́n tún fún wọn ní dopa. Lílọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá.