Ìlẹ̀kẹ̀ Dígí Ọlọ́wọ́ Sùúrù
Sùúrù ni mo yìn jù nínú iṣẹ́ àwọn tó ń fi iná gáàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí nílé. Wọ́n á wé dígí yíyọ́ mọ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi amọ̀ pa, wọ́n á sì máa yí i, torí bí ọwọ́ bá dúró, dígí á ṣàn sápá kan. Lóòótọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá dọ́gba jù, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ẹnì kan ló pinnu ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà lára ìlẹ̀kẹ̀ àfọwọ́ṣe. Sùúrù náà kò sì parí síbẹ̀: bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá tutù lójijì, á sán. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ gidi fi ń kó o sínú ààrò tó gbóná tó bíi 500°C, kó lè rọra tutù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ra ìlẹ̀kẹ̀.