Ẹsẹ̀ Wíwú Tí A Gbàgbé: Orúkọ Oedipus Lọ́wọ́ Freud àti Ọlá Rótìmí

Nínú gbogbo orúkọ tí ayé òde òní yá lò láti inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará Gíríìkì, díẹ̀ ni ó rìn jìnnà tó Oedipus. Stravinsky fi í pe eré olórin kan ní 1927. Pasolini fi í pe sinimá ní 1967. Ẹni tí kò sì ka Sophocles rí ń dárúkọ rẹ̀ bí ó bá ń sọ nípa ọmọkùnrin tí kò lè kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú bébà yìí ni pé ìlò tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn ti sọ ìtumọ̀ orúkọ náà dorí kodò.

Ẹlẹ́sẹ̀ wíwú ni Oidipous ní èdè Gíríìkì. Ẹni tí ó bá fi ojú Yorùbá wò ó lè kọ́kọ́ rò pé orúkọ àmútọ̀runwá ni, bí Ìgè tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Laius, baba ọmọ náà, ni ó gún ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí ó sì ní kí a lọ jù ú sórí òkè, nítorí àsọtẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà ni yóò pa òun. Àpá ohun tí ojú ọmọ rí lọ́wọ́ baba ni orúkọ yìí.

Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtumọ̀ àlá (1900), Freud fi ìtàn náà ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ó di 1910, ó fi orúkọ náà pe ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí ó ní ó ń bẹ lọ́kàn ọmọkùnrin sí ìyá rẹ̀, tòun ti ìkórìíra sí baba. Ẹni tí a ṣẹ̀ wá di ọ̀daràn. Vernant, onímọ̀ ará Faransé, ti ta kò ó ní 1967, a sì fara mọ́ ọn: nínú eré Sophocles, ńṣe ni Oedipus sá kúrò ní Corinth kí ó má baà pa ẹni tí ó mọ̀ sí baba, kí ó má sì fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ sí ìyá.

Ọlá Rótìmí, nínú The Gods Are Not to Blame, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, ju orúkọ náà nù ó sì di ìtàn mú. Ọdẹ́wálé ni orúkọ tí ó fi rọ́pò rẹ̀, a kò sì rò pé ó lè rí èyí tí ó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọdẹ ni ó tọ́ ọmọ náà dàgbà, ilé ni ó sì wá nígbà tí ó ń pe ara rẹ̀ ní àlejò ní Kutuje. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ̀ ọmọ náà. Owó ẹyọ tí a sín sí okùn ni a fi dì í, àwòrò Ògún ni ó sì dì í, gẹ́gẹ́ bí ẹbọ. Ohun tí ó jẹ́ ìkà baba lọ́dọ̀ Sophocles ti di ètùtù ìlú. Ní ìparí eré, Ọdẹ́wálé gba ẹ̀bi sọ́rùn ara rẹ̀. Adétúsà, tí a gbé ọmọ rẹ̀ lọ sígbó lójú rẹ̀, ti kú, ẹnikẹ́ni kò sì bi òkú rẹ̀ léèrè.