Ta Ni Yóò Gba Owó Àwòrán?

Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹrú kan bá ní olówó méjì, tí ẹlòmíràn sì di ẹrù náà, ta ni yóò gba owó ọjà?

Ọ̀rọ̀ Hatsune Miku ló mú mi bèèrè. Ọmọbìnrin onírun gígùn inú àwòrán ni, tí ilé-iṣẹ́ Crypton Future Media ní ìlú Sapporo, lórílẹ̀-èdè Jàpáànì, gbé jáde ní ọdún 2007. Láti ìgbà tí MikuMikuDance ti jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2008 ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń gbẹ́ ère rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń fi í tọrẹ.

Mo lo ọ̀kan nínú àwọn ère náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tò ó, tí mo sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí n lè tẹ àwòrán rẹ̀ sórí bébà, kí n sì tà á níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ilé-ìwé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ló ka àkọsílẹ̀ tó bá ère náà wá fún mi: a kò gbọdọ̀ fi ṣòwò. Inú bí mi.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo ka òfin ilé-iṣẹ́ náà. Ó lawọ́ ju bí mo ti rò lọ. Ẹnikẹ́ni lè ya Miku kó sì pín in láìgba owó. Ètò Piapro Link tilẹ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ gba owó ohun èlò rẹ̀ padà láìjèrè.

Síbẹ̀, mo rí àléébù méjì. Èkíní, àṣẹ ilé-iṣẹ́ kì í ṣe àṣẹ ẹni tó gbẹ́ ère. Ẹni tó gba ọ̀kan lè rò pé ó ti parí. Èkejì, owó bébà àti yíǹkì níye, òógùn ojú kò níye. Ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ jèrè díẹ̀ lórí àwòrán mẹ́wàá gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àṣẹ bí ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́ ère yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá tà á, òógùn tirẹ̀ ni mo jẹ yẹn. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí olúwarẹ̀ kọ ọ́ kedere, iye tí ènìyàn lè tà, àti ìpín tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ ka àkọsílẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀wé. Mo gbé àwòrán mi kọ́ sára ògiri láìkọ iye owó sí i. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ère wà lókè, tèmi wà nísàlẹ̀.