Àwo Kejì Ń Béèrè Àwo Kìíní

Ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí mo ti fọ aṣọ ilé-ìwé mi tán tí iná sì ti dé, mo fi àwo kan sínú ẹ̀rọ PlayStation àtijọ́ tí àbúrò màmá mi fi ránṣẹ́ sí wa láti Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ àwo náà ni Metal Gear Solid: Special Missions. Mo di pádì mú, mo ń retí kí géèmù bẹ̀rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n pé kí n kọ́kọ́ fi àwo kìíní ti Metal Gear Solid gan-an sínú ẹ̀rọ. Inú kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi ni àwo kìíní yẹn wà. Wọ́n ti tì í mọ́bẹ̀ látìgbà tí èsì ìdánwò mi ní sáà kejì ti jáde.

Mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní àwọn á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àwọn á jókòó tì mí, kí àwọn fi ojú ara àwọn rí ohun tó ń gba àkókò ìwé lọ́wọ́ mi. Mo fi àwo kìíní sí i, ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n dá àwo kejì padà, géèmù sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí bàbá mi fi béèrè pé:

“Ta ni ọkùnrin yìí? Kí ló ṣe tó fi ń yọ́ rìn bí olè?”

“Ó kàn fẹ́ dé ibi àmì tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni, sà.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà. Tó bá ti débẹ̀, ó parí nìyẹn. Òmíràn á tún bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n mi orí, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbéèrè wọn ni mo fẹ́ fi wọn géèmù yìí nínú àròkọ mi, nítorí mo ti rí i pé òun gan-an ni ìbéèrè tó yẹ kí a bi í.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa àwo tó bí i. Ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ Konami ní ilẹ̀ Japan gbé Metal Gear Solid jáde. Hideo Kojima ló darí iṣẹ́ náà. Ìtàn rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun kan ṣọ̀tẹ̀, wọ́n gba erékùṣù Shadow Moses ní Alaska, níbi tí ohun ìjà runlérùnnà wà. Wọ́n rán ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Solid Snake lọ síbẹ̀. Nítorí pé òun nìkan ni, kò lè fi agbára wọlé. Ó ní láti yọ́ kẹ́lẹ́ bí ológbò. Bó bá rìn nínú yìnyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn, ẹ̀ṣọ́ á sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Bó bá kan ògiri, ẹ̀ṣọ́ á wá wo ohun tó ń dún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sì jẹ́ ènìyàn. Èyí tó ń ṣọ́ Snake nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé, inú ló ń run ún. A ń gbọ́ bó ṣe ń kérora, a ń rí i tó ń sáré lọ sílé ìgbẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé n kò fẹ́ kí ẹni yìí kú. Nígbà tí géèmù náà parí, ó kọ ọ̀rọ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n nípa iye ohun ìjà runlérùnnà tó ṣì wà láyé ní tòótọ́. Ẹni tó bá ta á dópin mọ ìdí tó fi yọ́ rìn.

Ọdún 1999 ni àwo àfikún dé. Ní Japan, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwo ìtàn nínú páálí kan, wọ́n pè é ní Integral. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tà á lọ́tọ̀, wọ́n pè é ní VR Missions. Ní Yúróòpù, ó di Special Missions tí tiwa jẹ́, èyí tí kì í ṣí láìrí àwo àkọ́kọ́. Iṣẹ́ 300 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ìtàn tó so wọ́n pọ̀. Dípò yìnyín Alaska, orí pèpéle tó léfòó nínú òkùnkùn ni Snake wà, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín ló gba gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Aago ń kà. Ní ìpín yíyọ́ rìn, bí ẹ̀ṣọ́ bá rí ọ, ó parí, o máa tún un ṣe ni. Ìpín mìíràn wà fún ohun ìjà, tí a ti ń kọ́ ìbọn, bọ́ǹbù àfọwọ́jù àti àwọn yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

N kò ní purọ́, àwo yìí mọ iṣẹ́ ìkọ́ni. Kì í rẹ́ ọmọ jẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n rí mi, mo mọ̀ pé ẹ̀bi mi ni: mo kánjú, tàbí n kò ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ṣọ́ dáadáa. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrú, nítorí náà àṣìṣe kò wọ́n. Mo ṣubú ní ìgbà mẹ́tàdínlógún lórí pèpéle kan ṣoṣo, ìgbà kejìdínlógún ni mo tó kọjá, inú mi sì dùn ju ti ẹni tó gba ẹ̀bùn lọ. Sùúrù tí bàbá mi ti ń bẹ̀ mí pé kí n ní láti kékeré, mo rí díẹ̀ nínú rẹ̀ kọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ kò ní inú tó ń run wọ́n. Wọn kò jẹ́ nǹkan kan ju ìdènà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo padà sí Shadow Moses, mo sì ṣàkíyèsí ohun kan tó bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ọwọ́ mi ti yá, mo ń kọjá níbi tó ti máa ń dí mi lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ n kò dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́. Níbi tí ọkùnrin kan ti ń sunkún lórí obìnrin tó fẹ́ràn, bọ́tìnnì ni mo ń tẹ̀ kí ó lè tètè kọjá.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí mi ní kíláàsì. Nígbà tí èsì mi burú, mo ra ìwé ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, mo há gbogbo ìdáhùn lítíréṣọ̀ sórí. Mo mọ ẹni tó ṣe kiní kan, mo mọ ẹni tó kú. Olùkọ́ wa wá bi mí pé, “Bó o bá wà nípò ìyá yẹn, kí ni wà á ṣe?” Mo dúró bí igi. N kò tíì ka ìwé náà rí. Mo ti ṣe àdáṣe ohun tí n kò mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi nìkan ló rò bẹ́ẹ̀, àwọn tó ṣe géèmù yìí pàápàá mọ̀ ọ́n. Nínú Metal Gear Solid 2 tó jáde ní 2001, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Raiden. Nígbà tí Snake bi í ní irú ìgbaradì tó ti ní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ìpín inú àwo àdáṣe yìí gan-an, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka máàkì rẹ̀. Kò wú Snake lórí rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ojú tì mí, nítorí ó dà bíi pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ibì kan wà tí àwo kejì yìí ti gba ara rẹ̀ là. Nínú ìpín tó ṣàrà ọ̀tọ̀, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n á ti pa ènìyàn, tí a ó sì wá ẹni tó pa á. Òmíràn wà tí sójà kan ga bí ilé alájà púpọ̀. Lẹ́yìn tí mo ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́, mo tún di nínjà. Níbẹ̀ ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, tí mo sì ń ronú. Ká ní irú wọn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, àwo náà ì bá lè dá dúró.

Ìdájọ́ mi nìyí: àwo àdáṣe tó dára ni, ṣùgbọ́n àdáṣe ni. Ẹni tó bá ní àwo ìtàn, kó rà á. Ẹni tí kò bá ní in, kó má tíì rà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí ọjà ni àwo ti Yúróòpù ṣe ń béèrè ìyá rẹ̀ kó tó ṣí, síbẹ̀ òótọ́ ló sọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi tún ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Àwo kìíní nìkan ni mo lò. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́, mo sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ títí iná fi lọ. Wọ́n wá ní kí n lọ gbé ìwé lítíréṣọ̀ mi wá, kí n sọ tiẹ̀ náà fún àwọn.