Àríwísí Kúkúrú lórí Àfiwé Ẹ̀rọ Tẹ́tẹ́ nínú Ìṣírò Ìpinnu

Ìṣòro tí àwọn onímọ̀ ìṣírò fi wé ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ alápá púpọ̀ dá lórí yíyàn: ṣé kí ènìyàn rọ̀ mọ́ ohun tí ó ti ń mérè wá ni, àbí kí ó dán èyí tí kò tíì mọ̀ wò? Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó ní irú gbágùúdá méjì lọ́wọ́ mọ ìṣòro yìí.

Nígbà tí Thompson gbé e kalẹ̀ ní 1933, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àfiwé tẹ́tẹ́ gbòde. Níbẹ̀ ni àléébù wà. Owó ara rẹ̀ ni ata-tẹ́tẹ́ ń pàdánù. Àgbẹ̀ yóò tún gbìn lámọ̀ọ́dún. Nínú ìdánwò oògùn, oníṣègùn ni ó ń yàn, aláìsàn ni ó ń kú.

Ẹ wo ìdánwò ZMapp fún àrùn Ebola ní Liberia, Sierra Leone, Guinea àti Amẹ́ríkà ní 2015 sí 2016. Nínú 36 tí ó gba oògùn náà kún ìtọ́jú wọn, 8 kú. Nínú 35 tí kò gbà á, 13 kú. Àjàkálẹ̀ náà rọlẹ̀ kí ẹ̀rí tó dájú.

Òtítọ́ ni pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lè gba ẹni ẹ̀yìn là. Síbẹ̀, àròpọ̀ èrè nìkan ni àfiwé yìí ń kà. Kò bèèrè ẹni tí ó san gbèsè rẹ̀. Ìṣírò náà kò ṣìnà. Orúkọ tí wọ́n fún un ni ó fi aláìsàn pamọ́.