Láńkẹ́ Ọ̀mu: Ipò Orin nínú Eré àti nínú Ìdánwò

Ní ọdún 2012 àti 2013, iléeṣẹ́ NBC ní Amẹ́ríkà gbé eré kan tí ń jẹ́ Smash jáde lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ó dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá eré olórin fún orí ìtàgé, nípa ìgbésí ayé Marilyn Monroe, òṣèré sinimá. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ìwé kí àwọn obìnrin méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í du ipò ẹni tí yóò kọ ọ́. Àwa tí a ń kọ́ni ní agbègbè Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ní irú ìṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀ nítòsí. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí tí òun náà ti ṣe olùkọ́ rí, gbé Láńkẹ́ Ọ̀mu kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1963.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Amos Tutùọlá fi kọ ìtàn náà tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Ògúnmọ́lá ṣiṣẹ́ lé e lórí ní Yunifásítì Ìbàdàn, Demas Nwoko sì ṣe ètò ìtàgé àti aṣọ. Ìtàn tí ó ti inú àlọ́ wa bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì tún padà di ti Yorùbá, pẹ̀lú orin, ìlù àti ijó. Lẹ́yìn tí eré ti ń lọ ni Armstrong, Awujoola àti Olayemi tó ṣe àdàkọ rẹ̀. Nínú Smash, kálàmù ni ó ṣáájú. Níhìn-ín, ẹnu ni.

Nínú ìwé Tutùọlá, ọ̀mu náà wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú ní tòótọ́. Ògúnmọ́lá sọ ìrìn àjò náà di àlá. Ní tiwa, àlá yìí mú ẹ̀kọ́ eré náà fúyẹ́ díẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá jí kò san gbèsè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ó ṣe orin láǹfààní. Eré lè ti inú agbo ọlọ́tí fò dé ìlú àwọn òkú láìsí àlàyé. Kò sí ẹni tí ń béèrè ọ̀nà lójú àlá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtàn náà ní ṣókí, tàbí kí ó sọ irú ènìyàn tí Láńkẹ́ jẹ́, ẹni tí kò gbọ́ ìlù rí lè gba máàkì tí ó pé. Nínú kíláàsì wa, àwọn ọmọ ka orin inú eré bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí a pín wọn sí ẹni tí ń lé àti àwọn tí ń gbè ni wọ́n tó mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ àti àwọn tí ń tì í lẹ́yìn.

Àwọn kan lè sọ pé a kò lè fi máàkì sí orin. A kò ní kí ẹnikẹ́ni kọrin nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Kí olùdánwò fún wọn ní ìlà díẹ̀, kí ó béèrè ibi tí ègbè ti wọlé, ohun tí àwítúnwí ibẹ̀ ń ṣe, àti ohun tí yóò sọnù bí a bá sọ ọ́ lásán. Ògúnmọ́lá kú ní ọdún 1973. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa nísinsìnyí ni àdàkọ. Ìbéèrè wa ni yóò sọ bóyá wọn yóò gbọ́ orin nínú rẹ̀.