Jọ́nà àti Ìwé Àpérò nínú Ìwádìí Kọ̀ǹpútà lórí Èdè Yorùbá

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ibi tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń tẹ ìwádìí wọn lórí èdè Yorùbá sí, àti ohun tí èyí ń já sí fún èdè náà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, jọ́nà ló níyì jù. Ojú iṣẹ́ tí kò tíì parí ni a fi ń wo bébà tí a kà ní àpérò. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwọn. Ní 1999, Computing Research Association ti Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ kan jáde, èyí tí Patterson, Snyder àti Ullman kọ, pé àpérò ni àwọn onímọ̀ náà yàn láàyò fún títẹ iṣẹ́ wọn jáde, àti pé kí àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga má ṣe ka èyí sí àléébù. Ìmọ̀ wọn ń yára yí padà, a sì máa ń yẹ bébà wò kí a tó gbà á fún àpérò wọn. Alápatà Ìpàtà níbí kò jẹ́ fi ẹran tútù pamọ́ dọ̀la. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló fara mọ́ àṣà yìí: ní 2009, Lance Fortnow kọ ọ́ pé ó tó àkókò kí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dàgbà, kí àpérò padà di ibi ìpàdé, kí jọ́nà sì máa ṣe iṣẹ́ jọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ méjì lórí ohùn kalẹ̀. Ní 2006, Ọdẹ́jọbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú jọ́nà Computer Speech and Language, lórí bí ohùn yóò ṣe máa lọ sókè sódò nínú gbólóhùn Yorùbá tí ẹ̀rọ bá ń kàwé. Iṣẹ́ náà lé ní 20 ojú-ìwé, àyè sì wà láti ṣàlàyé ohùn fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ní 2018, Ìrorò Orife gbé tirẹ̀ lọ sí àpérò Interspeech ní Hyderabad, ní Íńdíà: bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí a kọ ní ìhòòhò. Ojú-ìwé mẹ́rin péré ni òfin àpérò náà fi sílẹ̀ fún àlàyé. Ìdí tí "oko" tí kò ní àmì fi lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀, kíá ni òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ fò ó kọjá. Olùkọ́ èdè yóò rí kọ́ nínú ti àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ.

Síbẹ̀, kí a má fojú tín-ín-rín àpérò. Nínú ìwé àpérò LREC ti 2020 (Marseille ni ìbá ti wáyé bí kì í bá ṣe àrùn Kòrónà), Alábí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹpẹtẹ tí a kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó èyí tó kéré tí a ṣà dáadáa. Ohun tí a ti ń pariwo rẹ̀ ní kíláàsì láti ọjọ́ yìí nìyẹn! Ẹnikẹ́ni sì lè ka ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Títà ni wọ́n ń ta jọ́nà ti 2006. Àwa náà kò sì lè fi ìlọ́ra yangàn: àwọn bébà tí a kà ní Ifẹ̀ ní 1969 lórí èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, 1982 ni Afọláyan tó rí wọn tẹ̀ jáde.

Ẹjọ́ tí a ní sí àpérò wọn ju ti ojú-ìwé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdájọ́ olùyẹ̀wò sábà máa ń jẹ́. Kò wọ́pọ̀ pé kí òǹkọ̀wé lọ tún un ṣe kó padà wá. Bí olùyẹ̀wò náà kò bá sì gbọ́ Yorùbá, ta ni yóò bi í bóyá àmì tó wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà? Àṣìṣe tó bá gba ibẹ̀ kọjá ni ẹ̀rọ yóò kọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò sì dà kọ.

Jọ́nà TACL ti rí ọ̀nà kan gbà: olótùú lè dá bébà padà fún àtúnṣe, èyí tí a bá sì gbà ni a lè kà ní àpérò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ MasakhaNER ti jáde ní 2021, lórí èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá sì jẹ́ ọ̀kan. Àbá wa ni pé kí jọ́nà ẹgbẹ́ wa ya àyè kan sọ́tọ̀ fún àgbéyẹ̀wò Yorùbá inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àmì ohùn àti àkọtọ́ pọ̀, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ ọ́ kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ mìíràn kalẹ̀.